Òwú Ọwọ́ Nínú Omi: Lámèyítọ́ lórí Fífọ̀ àti Sísá

Bí àwọn alámèyítọ́ bá ń sọ̀rọ̀ aṣọ òfì, àwọ̀ àti ọnà ni wọ́n máa ń gbé gẹ̀gẹ̀. Wọn a yin ẹtù nítorí dúdú rẹ̀, wọn a yin àlàárì nítorí pípọ́n rẹ̀, ó parí. Lójú tèmi, kí òwú tó dé orí òfì rárá la ti ń mọ èyí tó dára yàtọ̀ sí játijàti. Inú ìkòkò omi ni.

Òwú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára ìrànwú kò tíì balẹ̀. Ẹ dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ mọ́ ara rẹ̀, nítorí agbára tí ọwọ́ fi yí i kò tíì kúrò níbẹ̀. Omi ló ń rọ̀ ọ́ lójú: fọ́nrán á mumi, á wú, bó bá sì gbẹ, bí wọ́n ṣe yí i náà ló máa wà. Àmọ́ òwú oko kì í tètè gba omi, torí ọ̀rá kan bí ìda wà lára rẹ̀. Omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ dúdú tàbí omi eérú ló ń ṣí i kúrò. Aláró tó bá fo ìpele yìí, tó ki òwú bọ inú aró ẹ̀lú bẹ́ẹ̀, á rí i pé ó dúdú níbì kan, ó ṣá níbòmíràn. Aró kọ́ ló jẹ̀bi.

Ti sányán, tí í ṣe sílíkì, tún jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ilé tí kòkòrò Anaphe ń hun sórí igi ni wọ́n ti ń rí i, oje líle kan ló sì so fọ́nrán rẹ̀ pọ̀. Omi eérú ni wọ́n fi ń sè é kí oje náà tó yọ́. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, kí wọ́n tó ran án. Fífọ̀ ló ṣáájú ríran níhìn-ín, èyí sì gba ojú inú, nítorí eérú tó bá mú jù ń jẹ sílíkì, bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe òwú ní nǹkan kan. Òwú tún máa ń yi sí i bó bá tutù. Sílíkì àti irun àgùntàn ń dẹ̀ ni. Ẹ lè fún òwú dáadáa. Ẹ rọra tẹ omi kúrò lára sílíkì ni.

Sísá ni mo fẹ́ bá àwọn aránwú òde òní jiyàn lé lórí. Àwọn kan máa ń so nǹkan wúwo mọ́ ìsàlẹ̀ ìdì òwú kó lè gbẹ gbọọrọ. Ó dùn ún wò, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òwú tí wọ́n fà gbẹ kò gbàgbé: bí aṣọ náà bá kọ́kọ́ kan omi, á sún kì. Mo gbà á fún òwú tí a fẹ́ ta sórí òfì, nítorí òkúta ni yóò máa fà á níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, a ó sì ti fi ẹ̀kọ sí i kó má baà hurun. Èyí tí ọkọ̀ òfì yóò máa gbé kọjá, ẹ gbé e kọ́ lásán. Bó bá jẹ́ òwú aláró ni, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ lábẹ́ ibòji. Kí ẹ sì tó ra òwú, ẹ wò ó kí wọ́n tó fi ẹ̀kọ sí i. Ẹ̀kọ a máa bo àlèébù mọ́lẹ̀.

Òwú ilé-iṣẹ́, tí wọ́n ti sè, tí wọ́n ti rẹ láti ibẹ̀, ni ọ̀pọ̀ ahunṣọ Ìsẹ́yìn ń rà lọ́jà báyìí. N kò bá wọn jà. Oúnjẹ òòjọ́ ni. Ẹ̀sùn mi wà lọ́rùn àwọn tó ń ta òwú aláwọ̀ iyanrìn, tí kò jáde láti ilé kòkòrò kankan, tí kò sì kan omi eérú rí, ní owó sányán. Kí wọ́n pè é ní òwú, kí wọ́n sì tà á ní owó òwú.