Jagunlabí Tí Kì í Pariwo

Hyderabad ní ilẹ̀ Íńdíà ni ojúkò sinimá èdè Telugu. Ẹni tó bá ti wo díẹ̀ nínú wọn yóò mọ jagunlabí tó ń dá nìkan na ogún ọkùnrin, tí irun orí rẹ̀ kò sì ní dàrú. Suhas kì í ṣe irú rẹ̀. Àwọn tí ayé ń fojú tẹ́ńbẹ́lú ló máa ń ṣe, ohun tí mo sì fẹ́ràn nípa rẹ̀ ni pé kì í fi igbe tọrọ àánú wa.

Nínú Colour Photo (2020), tí Sandeep Raj darí, Suhas ni Jayakrishna, ọmọ tálákà tó dúdú, tó nífẹ̀ẹ́ Deepthi, ọmọ pupa. Ọlọ́pàá ni ẹ̀gbọ́n Deepthi, ó sì kórìíra aláwọ̀ dúdú. Adúmáadán tí Yorùbá fi ń yin ènìyàn, ẹ̀gàn ni lójú tirẹ̀. Wọ́n ti fi àwọ̀ bú èmi náà rí ní kíláàsì, nítorí náà mo mọ ẹ̀rín kékeré tí Suhas ń rín nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dùn ún. Eré náà gba àmì-ẹ̀yẹ ìjọba Íńdíà fún sinimá Telugu tó dára jù lọ.

Nínú Ambajipeta Marriage Band (2024), onígbàjámọ̀ ni Malli, ó sì tún ń bá ẹgbẹ́ onílù ṣeré níbi ìgbéyàwó. Olówó abúlé fi ipá fá orí òun tó ń fárí fún gbogbo ìlú. Ṣùgbọ́n Padma, ìbejì rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́, ló kọ́kọ́ dìde gbèjà iyì ìdílé wọn. Suhas sún sẹ́yìn fún Sharanya Pradeep, kò bá a du ipò. Òṣèré mélòó ló lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Prasanna Vadanam (2024) kò tẹ́ mi lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀. Surya, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, kò lè dá ojú ènìyàn mọ̀ mọ́ láti ìgbà tí jàǹbá ọkọ̀ ti ṣe é. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wọni lára, àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ìpànìyàn gba eré náà kan, eré sísá pọ̀ ju ìrònú lọ. Ó tún ń bà mí lẹ́rù kí àwọn olùdarí má sọ Suhas di ẹni ìyà lójoojúmọ́. Family Drama (2021), níbi tó ti ṣe apànìyàn, fi hàn pé ọwọ́ rẹ̀ gba ju ìyẹn lọ.

Bí olùkọ́ bá fẹ́ yan ọ̀kan fún wa, kó yan Writer Padmabhushan (2023). Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní Vijayawada ni Padmabhushan, ó ń wá òkìkí òǹkọ̀wé lójú méjèèjì. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀rín, ọ̀rọ̀ kúrò lórí rẹ̀, ó di ti àwọn ìyá tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè rí pé kí ni wọ́n fẹ́ dà láyé. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wò ó tán, kó lọ bi ìyá rẹ̀.