Orúkọ tí àwọn ìwé ìròyìn sọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ilẹ̀ Faransé

Àwọn àgbà ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìwé ìròyìn a máa sọ ọmọ ọlọ́mọ lórúkọ láìwo ilé tí ó ti wá. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní 1970 àti 1971 fi èyí hàn.

Títí di 1965, ọkọ ṣì lè lo òfin ilẹ̀ náà láti dí aya rẹ̀ lọ́wọ́ iṣẹ́. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1970, àwọn obìnrin díẹ̀ gbé adé òdòdó lọ sí ibojì Ọmọ-ogun Tí A Kò Mọ̀ ní Paris. Wọ́n ní ti ìyàwó rẹ̀ ni, nítorí pé a kò mọ ìyẹn rárá. Àwọn ìwé ìròyìn pè wọ́n ní «Mouvement de libération de la femme». Ẹyọ ni «la femme», bí ẹni pé ìwà kan náà ni gbogbo obìnrin ń hù. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn kọ̀ ọ́: «des femmes» ni wọ́n fẹ́, ọ̀pọ̀, olúkúlùkù pẹ̀lú ohùn tirẹ̀.

A kò gbọdọ̀ da gbogbo ìwé ìròyìn pọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1971, Le Nouvel Observateur tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí obìnrin 343 jẹ́wọ́ pé àwọn ti ṣẹ́ oyún rí, ohun tí òfin kà sí ọ̀ràn nígbà náà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Charlie Hebdo gbé àwòrán Cabu jáde, ó sì pè wọ́n ní «salopes», èébú burúkú. Àwọn olóṣèlú ni àwòrán náà fi ń ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀, ara àwọn obìnrin ni èébú náà lẹ̀ mọ́. Òfin yí padà ní 1975. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń fi èébú náà pe ìwé wọn.

Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún àwa tí ń túmọ̀ ìròyìn láti èdè Faransé sí Nàgó. Ọ̀rọ̀ wa «obìnrin», bí ó bá dá dúró, kò sọ bóyá ẹyọ ni tàbí ọ̀pọ̀. Bí a bá kọ «òmìnira obìnrin», àṣìṣe ọdún 1970 ti wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí a kọ «àwọn obìnrin». Kí a tó gba orúkọ ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́ ìwé ìròyìn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ léèrè ohun tí wọ́n ń pe ara wọn. Orúkọ ń ro ọmọ.