Etí Tó Ń Gbọ́ Ìrìn Ẹ̀jẹ̀

Kí nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ tó fọwọ́ kan rọ́bà tí yóò fún láti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo wo ọ̀kan lára wọn lẹ́nu iṣẹ́ ní Ogbooro, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ṣakí. Ìyá àgbà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà oko dé, oòrùn ti pa wọ́n, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n ti na apá sílẹ̀ kí wọ́n tó jókòó tán. Nọ́ọ̀sì ò fi nǹkan kan wé apá náà. Ó ní, “Ìyá, ẹ kú ìrìn o. Ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ sinmi ná.” Ó bi wọ́n bóyá ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n. Ó ní kí wọ́n tẹ ẹsẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀, kí wọ́n má gbé ọ̀kan lé èkejì. Lẹ́yìn náà ó fi wọ́n sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé kí ló dé tí kò tètè ṣe é. Kò dá wọn lóhùn.

Mo gba tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lára àgbàlagbà ò ju nǹkan bíi lítà márùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ bí èèyàn bá jókòó jẹ́ẹ́, ìwọ̀n yẹn náà ni ọkàn ń tú jáde ní ìṣẹ́jú kan péré. Bí ó bá rìn láti oko, bí ó bá gun òkè, bí ó bá ru iṣu, ọkàn á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, á sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tó bá wọn ìyá náà bí wọ́n ṣe wọlé, ìrìn oko ló wọ̀n, kì í ṣe àìsàn.

Ẹni tí kò bá tíì rí ohun tó ń ṣe iṣẹ́ yìí, kó lọ sọ́dọ̀ alápatà, kó ní kó bá òun la ọkàn màlúù. Tiwa kéré sí i, kò ju ìkúùkù ẹni tó ni ín lọ, ṣùgbọ́n yàrá mẹ́rin kan náà ló wà nínú méjèèjì, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Bí ọ̀bẹ bá ti kọjá lára yàrá ìsàlẹ̀, ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n: ẹran apá òsì nípọn, ó le, tọ̀tún fẹ́lẹ́. Tọ̀tún ò rán ẹ̀jẹ̀ jìnnà, ẹ̀dọ̀fóró tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ló ń tì í sí kó lè lọ gba atẹ́gùn. Òsì ló ń tì í gòkè sínú orí, tó ń tì í dé ọmọ ìka ẹsẹ̀. Wo inú rẹ̀ dáadáa, wàá rí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń yí padà bí ilẹ̀kùn, àti àwọn okùn funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tó so etí awọ náà mọ́ ẹran nísàlẹ̀. Àwọn okùn yẹn ni kì í jẹ́ kí ilẹ̀kùn ṣí gba ẹ̀yìn nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá fi agbára lù ú. Ìró kì-kì tí a ń gbọ́ bí a bá gbé etí lé àyà ọmọ, ìró pípadé àwọn ilẹ̀kùn wọ̀nyí ni. Ó ń padé bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi ìgbà 100,000 lójúmọ́, láìsí ọjọ́ ìsinmi kankan.

Ìyá ti sinmi tó wàyí. Nọ́ọ̀sì ká apá aṣọ wọn, kò jẹ́ kó há. Ó yẹ aṣọ ìwọ̀n tí yóò wé mọ́ apá náà wò, nítorí bí èyí tó kéré bá wé mọ́ apá tó tóbi, irọ́ ni yóò pa, yóò ní ẹ̀jẹ̀ ga. Ó gbé apá náà lé tábìlì kó bá àyà dọ́gba. Ó fi ìka méjì wá ibi tí iṣan ti ń sọ nínú ìgbọ̀nwọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wú mi jù ni pé kò tíì ki irin tí wọ́n fi ń gbọ́ ìró inú ara bọ etí. Ìka rẹ̀ ló fi sí ọrùn ọwọ́ ìyá, ó ń fún rọ́bà, títí iṣan fi dákẹ́ lábẹ́ ìka. Ó wo nọ́ńbà tó dákẹ́ sí, ó tú afẹ́fẹ́ náà dànù pátá, ó tún ní kí ìyá sinmi díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ń fo apá yìí. Lára àwọn kan tí ẹ̀jẹ̀ wọn ga gan-an, ìró máa ń dún lókè, á pòórá láàárín, á tún padà dún nísàlẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ fi ìka wá a lè fún rọ́bà dé ibi tó dákẹ́ láàárín yẹn, kó rò pé òun ti débi tó yẹ, kó wá ka 140 fún ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 180. Aláìsàn á máa yọ̀ lọ sílé.

Ó wá ki irin bọ etí. “Ìyá, ẹ má sọ̀rọ̀ o.” Ó fún un kọjá ibi tí ìka rẹ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ní nǹkan bí 30, ó wá ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, méjì sí mẹ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ̀ ò kúrò lára nọ́ńbà. Mo bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn náà pé kó jẹ́ kí n fetí sí i lápá ara mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí nǹkan kan, nítorí aṣọ ìwọ̀n ti tẹ iṣan pa. Lójijì, tò, tò, tò. Ẹ̀jẹ̀ ti rí àlàfo díẹ̀ fipá gbà kọjá, ó sì ń pariwo. Nọ́ńbà òkè nìyẹn, agbára tí ọkàn fi ń tì í nígbà tó bá fún ara rẹ̀ pọ̀. Ìró náà le sí i, ó wá rọ̀, ó tán. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nìyẹn, agbára tó ṣẹ́ kù nínú iṣan nígbà tí ọkàn bá tú ara rẹ̀ sílẹ̀ kó lè tún kún. Iṣan tó ṣí dáadáa kì í dún. Ará Ítálì kan, Riva-Rocci, ló gbé aṣọ ìwọ̀n náà jáde ní 1896. Dókítà ará Rọ́ṣíà tó ń jẹ́ Korotkov ló sì ṣàlàyé ìró náà ní 1905. Ohun tí Korotkov gbọ́ nígbà náà gan-an ni nọ́ọ̀sì Ogbooro ń gbọ́ lónìí.

Ìdí tí mo fi ń ka gbogbo èyí sí ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni. Èèyàn á máa kọ ebè, á máa lọ ọjà, òun á sì máa ba iṣan jẹ́ nínú ọpọlọ àti nínú kíndìnrín, títí ọjọ́ tí ẹnu bá wọ́ tàbí tí apá kan ò bá gbé mọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe, ọmọ Oǹdó tó ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, tó sì di olóògbé ní 2020, fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣèwádìí rẹ̀. Ní 1972 ló tẹ ìwé kan jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ríru lára ènìyàn dúdú. Ṣùgbọ́n bí ìmọ̀ àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣe pọ̀ tó, inú ìgbọ̀nwọ́ ìyá kan ló ti ń dé abúlé, lábẹ́ ìka méjì.

Ẹ̀rọ oníbátìrì ti wà nílé báyìí, ó dára, èmi náà ń lò ó. Síbẹ̀ bí ọkàn ẹni bá ń lù ségesège, ó máa ń ṣì í kà, etí tó mọṣẹ́ ló sì ń gbọ́ pé nǹkan ò rí bó ṣe yẹ. Nọ́ọ̀sì náà wọn ìyá lẹ́ẹ̀kejì, ó kọ méjèèjì sílẹ̀. Nọ́ńbà wọn ju 140 lórí 90 lọ díẹ̀. Kò kéde àìsàn lé wọn lórí lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó dá ọjọ́ fún wọn kí wọ́n padà wá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà, ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n fún yín, kódà bí nǹkan kan ò bá ṣe yín. Ẹ tètè dé kẹ́ ẹ lè sinmi. Bí nọ́ọ̀sì bá sì ti ki irin yẹn bọ etí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ fún un.