Ẹni Tó Ra Ọjà, Èrò Ló Rà

Lóṣù Kẹfà ọdún 2016, Microsoft kéde pé òun fẹ́ ra LinkedIn ní bílíọ̀nù 26.2 dọ́là. Ẹnu ya ọ̀pọ̀ èèyàn. Ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ orúkọ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?

Lójú tèmi, ó tó. Ẹni tó bá ra ọjà Ṣakí, ṣé ìsọ̀ àti páànù ló rà ni? Èrò ló rà. Èrò LinkedIn ti lé ní 400 mílíọ̀nù nígbà náà, wọ́n sì ti fọwọ́ ara wọn kọ ibi tí wọ́n kàwé, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe àti ẹni tí wọ́n mọ̀. Microsoft tó ń ta Word àti Excel fún ọ́fíìsì, irú wọn gan-an ló ń wá.

Ohun tí mi ò fara mọ́ nìyí: ní Ìsẹ́yìn, ẹni tó hun òfì ló ń gbowó òfì. Àwọn tó ní ṣíà LinkedIn gba 196 dọ́là lórí ṣíà kan; àwọn tó forúkọ hun aṣọ náà, kọ́bọ̀ ò kàn wọ́n. Lóòótọ́, àwọn kan ríṣẹ́ níbẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọmọ wa tẹ́ ẹ ń kọ orúkọ kiri, ẹ mọ̀ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ta ọjà, wọn kì í bi èrò léèrè.