Ìkùukùu Tó Ń Tọpa Afẹ́fẹ́
Nínú yàrá tí wọ́n ti ń rọ oògùn abẹ́rẹ́ sínú ìgò, afẹ́fẹ́ tí a ti sẹ́ ló ń fẹ́ wá láti òkè, tó ń gbá ìdọ̀tí lọ. Willis Whitfield ló gbé ọgbọ́n yìí kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Kí wọ́n lè rí ipa ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà, wọ́n ń tú ìkùukùu omi mímọ́ sí i, kámẹ́rà a sì máa yà á. Iṣẹ́ ojú ni, ó sì lẹ́wà: bí òṣìṣẹ́ bá na apá sórí ìgò tó ṣí sílẹ̀, ìkùukùu yóò máa yí bìrí lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Irú ibẹ̀ ni kòkòrò àìfojúrí lè há sí. Wọn yóò kọ́ òṣìṣẹ́ náà láti máa gba ẹ̀gbẹ́ nawọ́, wọn yóò sì tún ìkùukùu náà wò.