Ìṣirò Yege, Ẹ̀rọ Daṣẹ́ Sílẹ̀: Ẹ̀kọ́ Drake Landing

Ẹ mọ̀ pé n kì í fi máàkì tọrẹ. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, tó bá jẹ́ ìṣirò nìkan ni, gbogbo máàkì ni ǹ bá fún un.

Ní ìlú Okotoks, lápá gúúsù Calgary ní Kánádà, ilé 52 kan wà tí wọ́n ń pè ní Drake Landing. Ní 2007 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jọ lo omi tí oòrùn mú gbóná láti fi lé òtútù kúrò nínú ilé. Pánẹ́ẹ̀lì bíi 800 ni wọ́n tò sórí òrùlé gáréèjì. Nígbà ooru, ohun tí oòrùn mú gbóná níbẹ̀ á gbé ooru rẹ̀ fún omi inú táǹkì ńlá méjì. Omi yẹn á gba páìpù lọ sínú ihò 144, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jìn ju mítà 30 lọ, á sì mú ilẹ̀ gbóná. Tí òtútù bá dé, wọ́n á fa ooru náà padà.

Kí ló dé tí wọ́n fi jọ ṣe é? Ẹ wo ìkòkò ọbẹ̀ ńlá àti abọ́ kékeré: èwo ló máa ń tètè tutù? Tí ilé kan ṣoṣo bá dá tirẹ̀ gbẹ́, ooru á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jò tán kí òtútù tó dé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà; físíìsì náà sọ bẹ́ẹ̀.

TRNSYS, ètò kọ̀ǹpútà tó ti Yunifásítì Wisconsin jáde, ni wọ́n fi ṣe àwòṣe rẹ̀. Ó ní tó bá fi máa di ọdún karùn-ún, oòrùn á máa pèsè ju ìdá 90 nínú 100 lọ. Ìdá 97 ni wọ́n rí. Ní ìgbà òtútù 2015 sí 2016, ó pé 100. Ta ló tún kù tó fẹ́ bá wọn jà?

Èmi ni. Ní 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tú ètò náà ká, gáàsì sì ni àwọn onílé padà sí. Oòrùn ò kọ̀ láti ràn, ilẹ̀ ò sì kọ ooru. Àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ ló ń bàjẹ́, àrọ́pò wọn ṣòro rí, ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe sì wọ́n.

Ẹjọ́ tí mo ní nìyí. Àwòṣe mọ ooru, kò mọ ogbó. Nínú kọ̀ǹpútà, pọ́ǹpù kì í kú àfi tí ẹ bá ní kó kú. Ẹ tún wò ó: pánẹ́ẹ̀lì tó ń gbóná omi ìwẹ̀ níbẹ̀, oníkálùkù ló ní tirẹ̀ lórí ilé. Tí ọ̀kan bá bàjẹ́, ilé kan ló kàn. Tí ti àjọlò bá bàjẹ́, ilé 52 ni òtútù ń wò lójú.

Ẹnìkan á ní, “Prof, ọdún 17 kì í ṣe kékeré.” Òótọ́ ni, mo sì gbóríyìn fún wọn. Ṣùgbọ́n ihò inú ilẹ̀ kì í gbó bí pọ́ǹpù. Ohun tó yára gbó ló pa ohun tó lè pẹ́.

Torí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ẹ kọ ọjọ́ orí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye lítà. Ẹ lo èyí tí wọ́n ń tà káàkiri. Ẹ jẹ́ kí àwọn onílé máa dá owó àtúnṣe láti oṣù àkọ́kọ́. Kẹ́ ẹ sì tó tan kọ̀ǹpútà, ẹ dáhùn èyí: ní ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, ta ni wọ́n máa pè? Tẹ́ ẹ ò bá rí orúkọ kọ síbẹ̀, ìṣirò yín ò tíì parí.