Ọdẹ Inú Yìnyín ní Iowa
Mo kan sáárá sí ọdẹ tó ń ṣọ́ akọ àgbọ̀nrín onírù funfun ní ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà, láti ìparí Oṣù Kejìlá wọ Oṣù Kìn-ín-ní. Ìbọn rẹ̀ bá ṣakabùlà wa tan: ẹnu ni wọ́n ti ń ki ẹ̀tù àti ọta sí i, ọ̀pá ni wọ́n fi ń tì í wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń dún kí wọ́n tó tún un kì. Bí ẹ̀tù bá sì fa omi, ó parí nìyẹn.

Oṣù Kọkànlá ni akọ ti sáré tẹ̀lé abo títí tó fi rù. Ebi ló ń lé e jáde nírọ̀lẹ́ sí oko àgbàdo tí wọ́n ti kórè. Ọdẹ á wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, á jókòó láìmira, á jẹ́ kí ẹran náà súnmọ́ dáadáa. Sùúrù yìí ni mo fẹ́ràn jù. Lójú tèmi, kò sí ìdọdẹ àgbọ̀nrín tó níyì tó èyí.